Bí Mo Ṣe Fọwọ́ Ara Mi Pààrọ̀ Ṣọ́ọ̀kì Mọ́tò Mi

Ọdún kẹrin tí mo ti ń wa Mazda MX-5 mi ni mo tó mọ̀ pé ohun tí mò ń pè ní ìwà mọ́tò náà, àìsàn ni. Ìran àkọ́kọ́ ni, irú èyí tó jáde ní 1989: ó kéré, ó fúyẹ́, táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń yí. Bí mo bá wọ kọ́nà, imú á tẹ̀, ìdí á tẹ̀ lé e, á wá máa mì lẹ́gbẹ̀lẹ́gbẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Lọ́jọ́ kan mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ imú rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì yọwọ́ lójijì. Ó gòkè, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gòkè. Ṣọ́ọ̀kì tó ṣì lágbára kì í jó tó bẹ́ẹ̀. Á gòkè lẹ́ẹ̀kan, á jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ọ́ìlì ti jò sára méjèèjì tẹ̀yìn, eruku sì ti dì mọ́ ọn gbagidi.

Mẹ́rin tuntun ni mo rà, irú tó ní bọ́tìnì kékeré lórí ọ̀pá rẹ̀ tí èèyàn ń yí kó lè le tàbí kó rọ̀. Ohun tó sì ti ṣì mí lọ́nà láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé mo rò pé ṣọ́ọ̀kì ló ń gbé mọ́tò. Rárá o, sípíríǹgì ló ń gbé e. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni kó má jẹ́ kí sípíríǹgì jó ju bó ṣe yẹ lọ. Písítìnì kan wà nínú rẹ̀ tó ń ti ọ́ìlì gba ojú ihò tín-ín-tín, ibẹ̀ sì ni gbogbo jíjó yẹn ti ń di ooru. Bí mo bá yí bọ́tìnì, ihò yẹn ni mò ń fún pọ̀. Lórí èyí tí mo rà, ìgbà tí ṣọ́ọ̀kì bá ń nà nìkan ni bọ́tìnì ń darí. Tó bá ń rì, kò kàn án.

Kí n tó gbé mọ́tò sókè, mo wọn gíga rẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti àárín táyà dé etí páànù tó bò ó, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ti fi ọ́ìlì rin gbogbo nọ́ọ̀tì. Mo fi jáàkì gbé e, mo sì gbé e lé orí ẹsẹ̀ irin, torí èmi kì í fi ẹ̀mí mi sábẹ́ ohun tí jáàkì nìkan gbé dúró. Mẹ́ta nínú bóòtì ìsàlẹ̀ tó di ṣọ́ọ̀kì mú tú wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìkẹrin, ti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ti dógùn-ún mọ́ ihò rẹ̀, òun nìkan sì jẹ ọ̀sán mi tán. Mo tún ní láti tú bóòtì gígùn tó di áàmù òkè mú, ìyẹn apá irin tó so táyà mọ́ ara mọ́tò, kí àyè tó wà fún ṣọ́ọ̀kì láti jáde. Ẹ rántí èyí, torí ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe.

Títẹ sípíríǹgì pọ̀ ni apá tó ń já mi láyà jù. Agbára tó wà nínú sípíríǹgì tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ lè pààyàn. Mo fi irin ìtẹ̀ méjì sí i, ọ̀kan kọjú sí èkejì, mo ń yí wọn díẹ̀díẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò sì jẹ́ kí ojú mi wà ní iwájú rẹ̀. Àfìgbà tí sípíríǹgì mì lọ́wọ́ mi, tí kò ti àwo rẹ̀ mọ́, ni mo tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì orí. Nígbà tí mo ń dì í padà, sípánà ọwọ́ ni mo lò. Sípánà tó ń fi afẹ́fẹ́ yí lè mú kí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì máa yí fìrìfìrì nínú, kó ba ohun tuntun jẹ́ kó tó délẹ̀.

Mo to gbogbo rẹ̀, mo dì í pinpin, mo sọ mọ́tò kalẹ̀. Ó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì. Ó ní, "Ìwọ, ṣé inú afẹ́fẹ́ lo ti di bóòtì áàmù?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó rẹ́rìn-ín. Rọ́bà inú búùṣì, ìyẹn ojú oríkèé tí bóòtì áàmù ń gbà kọjá, ó lẹ̀ mọ́ irin rẹ̀ ni. Tí èèyàn bá dì í nígbà tí táyà ń rọ̀ dirodiro, bí mọ́tò bá ti balẹ̀, rọ́bà náà á lọ́ pọ̀, á máa ti mọ́tò sókè, á sì tètè ya. Mo tú bóòtì wọ̀nyẹn, mo jẹ́ kí táyà gbé gbogbo ìwọ̀n mọ́tò, mo tún wọn dì. Gíga rẹ̀ bọ̀ sípò. Lẹ́yìn náà ni mo gbé e lọ tún táyà tò kó lè máa dojú kọ ọ̀nà gan-an.

Wàyí o, bọ́tìnì. Ó máa ń dún "kẹ́" ní gbogbo ìgbà tó bá sún, kẹ́ 18 láti òpin kan dé èkejì. Ọjọ́ kìíní, ojúkòkòrò mú mi, mo yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé ibi tó le jù. Lójú ọ̀nà tó dán, ó dùn. Nígbà tí mo dé ibi tí ọ̀nà ti rí wúruwùru, ó di wàhálà: táyà kì í ráyè sọ̀kalẹ̀ kí kòtò mìíràn tó dé, mọ́tò bá ń rì lọ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ń ta pọ́ún pọ́ún. Mo dá a padà sí àárín, mo ń sún un ní kẹ́ méjì méjì, ọ̀nà kan náà ni mò ń tọ̀, afẹ́fẹ́ táyà sì wà ní 26 psi ní gbogbo ìgbà, kí n tó gbéra, nígbà tí táyà ṣì tutù.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ohun kan fi dà mí láàmú. Bí mo bá yà sósì, mọ́tò a dúró ṣinṣin; bí mo bá yà sọ́tùn-ún, a kàn dà gẹ̀ẹ́rẹ̀. Mo fura sí táyà, mo fura sí ọwọ́ ara mi. Lóru ọjọ́ kẹta mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ti tọ́ọ̀ṣì bẹnu, mo di bọ́tìnì òsì mú, mo ń kà á sí ibi tó le: kẹ́, kẹ́, kẹ́... mẹ́fà. Mo kọjá sí ọ̀tún: méjìlá. Ibi tó le ni mo ti ka òsì lọ́jọ́ náà, ibi tó rọ̀ ni mo ti ka ọ̀tún! Bí èèyàn bá sì yà sọ́tùn-ún, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló ń nà, òun gan-an ni mo fi sílẹ̀ ní rírọ̀. Láti ọjọ́ náà, ibi tó le jù nìkan ni mo ti ń kà.

Mo tún fi bí ọ̀sẹ̀ kan ṣòfò lórí bí mọ́tò ṣe ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí mo bá ń yípo ní ráńdábáọ̀tù. Bí mo yí bọ́tìnì, bí n kò yí i, bákan náà ni. Nígbà tí mọ́tò bá ti tẹ̀ tán tó sì dúró síbẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ò nà, kò rì, kò níṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Sípíríǹgì àti irin tó so òsì pọ̀ mọ́ ọ̀tún ló ń sọ bó ṣe máa tẹ̀ tó. Bó ṣe máa yá tó kó tó débẹ̀ ni ti ṣọ́ọ̀kì.

Ibi tí ìyàtọ̀ ti hàn kedere ni ìgbà tí mo bá yọ ẹsẹ̀ lórí iná láàárín kọ́nà. Ìdí mọ́tò á gbé sókè, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn á nà. Nígbà tí mo fi ẹ̀yìn sí mẹ́fà, ó ń fa táyà ẹ̀yìn sókè kúrò lórí títì, ìdí sì ń yọ̀ tẹ̀rẹ̀. Ní mọ́kànlá, ó tẹ̀ lé iwájú wọ́ọ́rọ́.

Mo fi téèpù lẹ bébà kan mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: iwájú 8, ẹ̀yìn 11, táyà 26. Mo fi bírò pupa kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé, "láti ibi tó le."