Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ilé Àjọgbé Nígbà Àjàkálẹ̀ Àrùn

Nígbà tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá nítorí àrùn Kòrónà ní òpin oṣù kẹta ọdún 2020, ohun tí rédíò ń tẹnu mọ́ ni pé kí oníkálukú fìdí mọ́lé, kó sì jìnnà sí ẹlòmíì. Ta ni wọ́n ń bá wí? Ní Múṣin àti Ajégúnlẹ̀, nínú ilé kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ẹ, yàrá kan ni ìdílé kan ní. Ilé ìdáná, balùwẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti kànga jẹ́ ti gbogbo ayálégbé. Láti ọdún 1972 ni àwọn kan ti ń mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ilé àjọgbé ní Denmark, ṣùgbọ́n ìdílé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ní ilé ìdáná tirẹ̀. Bí àrùn bá dé, wọ́n lè ti gbọ̀ngàn àpapọ̀ pa láìsí ẹni tí yóò tìtorí ẹ̀ febi sùn. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí onílé fi kọ́kọ́rọ́ sí ilé ìdáná. Èèyàn ò lè ṣàì jẹun. Ẹni tí ẹ bá lé jáde á gbé sítóòfù eléèédú wọ yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí, bẹ́ẹ̀ gáàsì olóró tó ń jáde lára èédú ò ní òórùn, ojú oorun ló sì ti ń pa èèyàn. Àkókò ni kí ẹ pín. Kí èèyàn méjì wọlé lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó bá ti gbé ìkòkò kaná bọ́ síta dúró. Lójú tèmi, iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe ló yẹ kó sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ dáná, kì í ṣe ọjọ́ orí, kì í sì í ṣe ẹni tó tètè san owó ilé. Ìyá tó ń se ẹ̀wà tà láàárọ̀ ò lè máa dúró de akọ̀wé tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní títì pa.

Jíkí, omi apakòkòrò inú ike nì, ló wá gba owó ọwọ́ wa jù. A nu ọwọ́ ilẹ̀kùn, a fọ́n ọn sí ògiri, a fọ́n ọn sí bàtà àlejò, nígbà tí fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà ní títì gbọin. Kòrónà ń gbé inú èémí, ó sì lè máa fò kiri nínú ibi tí afẹ́fẹ́ ò ti jáde. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2021, CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, sọ pé bí èèyàn bá fọwọ́ kan ohun tí àrùn náà wà lára rẹ̀, ewu pé yóò kó o kì í sábà tó ẹyọ kan nínú 10,000. Ẹ wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín: dúrọ́ọ̀mù omi lápá ọ̀tún, fìríjì tó ti bàjẹ́ lápá òsì, àpò èédú lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn papọ̀. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Tí ẹ bá sì fẹ́ lo jíkí nílé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ má pò ó mọ́ ásíìdì ìfọṣáláńgá, ẹ má sì dà á lé ìtọ̀. Gáàsì tó máa jáde níbẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣàn án.

N ò sọ pé kí ẹ pa ìmọ́tótó tì o. Onígbáméjì pa èèyàn tó lé ní 3,000 ní Nàìjíríà lọ́dún 2021 kan náà, omi àti oúnjẹ ẹlẹ́gbin ló sì ń bá wọlé. Ní ti ibà Lassa, eku ni kí ẹ ṣọ́. Ọ̀nà tí àrùn ń gbà wọlé ló yẹ kí òfin ilé dí. Abọ́ omi kan ṣoṣo lẹ́nu géètì, tí gbogbo èèyàn ń ti ọwọ́ bọ̀, kò dí ọ̀nà kankan. Rọ́bà tó ní ẹ̀rọ lẹ́nu, pẹ̀lú ọṣẹ, ló dáa.

Àmọ́ kò sí èyí tó ń tan àrùn kálẹ̀ nínú ilé bí ìdójútini. Ìyá Bọ̀sẹ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹnu kànga. Kó tó di alẹ́, wọ́n ti ní kó kó ẹrù ẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ẹni tí ọ̀fun bá ń dùn ní ilé yẹn á máa wúkọ́ sínú ìrọ̀rí, á sì máa bá yín to ìlà balùwẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kó rọrùn láti sọ. Kí aláìsàn lo balùwẹ̀ kẹ́yìn, kó lo ìbòmú láti yàrá débẹ̀, kó fi fèrèsé sílẹ̀ ní ṣíṣí. Kí ẹnìkan máa gbé oúnjẹ sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹlòmíì máa bá a pọn omi. Ẹni tó bá mọ̀ pé wọn ò ní jẹ́ kí ebi pa òun ló máa jẹ́wọ́ àìsàn.

Ìgbálẹ̀ àti fífọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Àwọn obìnrin àti ọmọ ọ̀dọ̀ ni a máa ń dì í lé lórí, pàápàá nígbà tí àwọn ọkùnrin ò rí ibi iṣẹ́ lọ. Ẹ kọ orúkọ yàrá sí ìwé, kì í ṣe orúkọ obìnrin, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Àgbàlá ni kí ẹ ti ṣe ìpàdé tí ẹ ó ti fẹnu kò lórí rẹ̀, ẹ má ṣe é ní pálọ̀ bàbá onílé. Kí ẹ sì dá ọjọ́ tí ẹ máa padà yẹ àwọn òfin náà wò, nítorí mo mọ ilé tí àrùn ti lọ tipẹ́ tí wọ́n ṣì ń gba owó jíkí oṣooṣù.