Ìkarahun ló jẹ́ kí n sanwó lẹ́ẹ̀mejì lórí ebè iyanrìn Àgbádárìgì

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó àyẹ̀wò ọjọ́ orí ebè iyanrìn lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ìkarahun ló fà á.

Ilẹ̀ tó wà láàárín òkun àti ọ̀sà ní Àgbádárìgì, ebè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè ni, bí oko iṣu. Ìgbì ló kọ wọ́n, òun ló ń kó iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Ẹni tó bá ń jiyàn, kó wo Èkó: láti 1908 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta wọnú òkun nítorí ọkọ̀ ojú omi, iyanrìn ń kó jọ sí Lighthouse Beach ní ìwọ̀ oòrùn, òkun sì jẹ Bar Beach ní ìlà oòrùn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kòtò gbígbẹ́ àti ajọ̀ ò le. Ìlà iyanrìn tó rọra ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí apá òkun, ìgbì ló tò ó. Èyí tó kọjú sí ọ̀sà, omi ló fò kọjá lórí ebè. Èyí tó kúnná tí hóró rẹ̀ dọ́gba, afẹ́fẹ́ ni.

Ọjọ́ orí ló dá mi dúró. Mo ṣa ìkarahun nínú ebè mẹ́ta fún àyẹ̀wò kábọ́ọ̀nù 14. Mo tiẹ̀ rántí yọ nǹkan bí 400 ọdún tí omi òkun máa ń fi kún un, mo ń yangàn. Èsì dé: ebè tó sún mọ́ òkun jù ló gbó jù! Kò ṣeé ṣe. Iwájú ebè àtijọ́ ni òkun ń kọ tuntun sí.

Ọjọ́ tí ẹran inú ìkarahun kú ni àyẹ̀wò náà ń sọ, kì í ṣe ọjọ́ tí ebè dìde. Ìgbì lè hú òkú ìkarahun láti ìsàlẹ̀ òkun, kó gbé e sórí ebè tuntun. Èyí tó ní ìdérí méjì tí wọ́n ṣì so mọ́ra nìkan ló yẹ kí n mú.

OSL ni mo padà sí, àyẹ̀wò tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ka ìtànṣán tí hóró iyanrìn ti gbà láti ìgbà tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Hóró iyanrìn gan-an ló ń bi léèrè: ìgbà wo ni oòrùn rí ẹ kẹ́yìn? Ẹ ha ojú kòtò, kí ẹ gbá páìpù irin 30 sẹ̀ǹtímítà wọlé, ó kéré tán mítà kan sísàlẹ̀, nítorí gbòǹgbò àti akàn máa ń da iyanrìn rú. Ẹ fi nylon dúdú di ẹnu méjèèjì. Ẹ rí i pé iyanrìn kún un dẹ́nu! Ọ̀kan nínú tèmi ò kún, ó mì nínú mọ́tò, iyanrìn ẹnu páìpù tó ti rí ìmọ́lẹ̀ sì dà pọ̀ mọ́ ti àárín. Ilé àyẹ̀wò dá a padà, wọn ò sì jẹ̀bi.

Ẹ bu iyanrìn tútù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sínú nylon míì, kí ẹ so ó pinpin. Omi máa ń gba díẹ̀ nínú ìtànṣán tó yẹ kó ba hóró; tí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ bíi gbígbẹ, ọjọ́ orí á kéré jù. Ọjọ́ orí iyanrìn inú àwọn páìpù yòókù tò tẹ̀léra bó ṣe yẹ, láti ọ̀sà dé òkun.