Bí mo ṣe yan ọjọ́ tí mo fi wa Hilux wọ igbó Ìdànrè láàárín ìgbà òjò

Páànù, tapólì àti oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó ni ẹrù tó wà nílẹ̀, abúlé oko kan nínú igbó ọba lẹ́yìn Ìdànrè ló sì ń lọ. Oògùn yẹn kò lè dúró de ẹ̀ẹ̀rùn, torí inú ọ̀rinrin ìgbà òjò gan-an ni àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú ti ń ràn. Àlàfo kan láàárín òjò ni mo ní láti wá, kí n wọlé, kí n já ẹrù, kí n sì jáde kí ó tó dí. Ẹni tó bá mú ọjọ́ rẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ tó kù fún fóòwíìlì kò tó nǹkan.

Ní agbègbè Àkúrẹ́, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kẹta, ó sì máa ń dá nínú oṣù kọkànlá. Gbogbo rẹ̀ lọ́dún tó nǹkan bíi milimítà 1,500, ṣùgbọ́n kì í rọ̀ dọ́gba. Ó ń le ní oṣù kẹfà sí ìkeje, ó ń dẹwọ́ díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ọ́gọ́ọ̀sì bíréèkì, ó sì tún ń le nínú oṣù kẹsàn-án títí wọ ìkẹwàá. Òjò oṣù kẹta àti ìkẹrin a máa bá ìjì wá láti ìlà oòrùn. Kì í pẹ́, ṣùgbọ́n ó ń wó igi dí ọ̀nà, nítorí náà ẹni tó bá jáde nígbà yẹn gbọ́dọ̀ ní àdá àti ayùn lọ́wọ́. Ilẹ̀ ṣì gbẹ lásìkò náà, ó ń mu omi; lọ́jọ́ kejì ọkọ̀ lè kọjá. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹsàn-án, ilẹ̀ ti mu àmuyó. Òjò milimítà 20 péré lè ba ọ̀nà jẹ́ ju bí 60 ṣe lè bà á jẹ́ nínú oṣù kẹrin lọ, torí omi kò ríbi wọ̀ mọ́. Ohun tí mo ń wò jù nìyẹn: omi tó ti wà nínú ilẹ̀ kí n tó dé.

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún ni NiMet, àjọ ìjọba tó ń wo ojú ọjọ́, ti máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ìgbà òjò jáde, pẹ̀lú ìgbà tí òjò á bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí á dá, àti bí ìsinmi òjò oṣù keje sí ìkẹjọ ṣe lè gùn tó. Ibi ìkẹyìn yìí ni mo kọ́kọ́ kà. Ọdún kan kì í jọ èkejì: ìsinmi náà lè ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ó sì lè má ju ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ lè dúró, kí ó dúró di ìparí oṣù kọkànlá sí ìdajì ìkejìlá. Ilẹ̀ á ti le, eruku ọyẹ́ kò sì tíì pọ̀ débi tí á máa dí fílítà afẹ́fẹ́.

Àsọtẹ́lẹ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà oko kan ṣoṣo. Mo bẹ ọmọ baálẹ̀ kí ó gbé agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́ sí gbangba, níbi tí ewé igi kò ti lè ta omi sí i, kí ó máa ki rúlà bọ̀ ọ́ láràárọ̀, kí ó pè mí, kí ó sì da omi náà nù. Omi tó bá ga ní milimítà 10 nínú agolo, òjò milimítà 10 ló rọ̀. Òfin tí mo fi lélẹ̀ ni pé àpapọ̀ òjò ọjọ́ méje kò gbọdọ̀ ju 30 lọ, ọjọ́ méjì tó kẹ́yìn sì gbọ́dọ̀ gbẹ pátápátá. Mo tún máa ń béèrè bóyá lọ́rì agbégẹdú ti kọjá láti ìgbà tí òjò ti dá, torí ojú ọ̀nà tí wọ́n bá ti fi táyà tẹ̀ ní tútù, ó ń pẹ́ kí ó tó gbẹ.

Àyẹ̀wò tó ṣe pàtàkì jù, ìparí ọ̀dà ni mo ti ṣe é. Mo fi àdá gbẹ́ ilẹ̀ ojú ọ̀nà tó ìka kan wọnú, torí òkè rẹ̀ tó gbẹ lè tan èèyàn. Mo bu díẹ̀, mo sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ yí i bí ìgbà tí wọ́n ń yí òwú fìtílà. Bí ó bá ṣeé yí di okùn tín-ín-rín, tó milimítà 3, láìgé, omi inú amọ̀ náà ṣì pọ̀ jù, táyà á kàn máa yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Bí ó bá ń fọ́ kí ó tó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ti gba ọkọ̀. Ibi tó bá jẹ́ yangí kò ní wàhálà. Amọ̀ ẹsẹ̀ òkè àti akùrọ̀ etí odò ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Àpáta ńláńlá tó yí Ìdànrè ká kì í mu omi. Òjò tó bá rọ̀ lé e lórí, ṣe ló ń ya wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, odò kékeré tí ọmọdé rìn kọjá láàárọ̀ lè mu àgbàlagbà dé ìbàdí kí òjò náà tó dá. Bó ṣe ń kún kíákíá náà ló ń fà. Ọ̀sán sí alẹ́ ni òjò wa sì sábà máa ń rọ̀. Nítorí náà mo kúrò ní Àkúrẹ́ ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, kí n lè ti sọdá gbogbo odò kí aago mọ́kànlá tó lù. Apá àpáta ni kí ẹ máa wò bí ó bá ń ṣú, ì báà jẹ́ pé oòrùn ń ràn lórí yín.

Táyà ńkọ́? Lórí ọ̀dà, psi (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú táyà) 32 níwájú, 35 lẹ́yìn. Níbi tí ọ̀dà ti tán mo dín gbogbo rẹ̀ kù sí 24, mo wọ H4, èyí tó ń jẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fà, n kò sì sáré ju kìlómítà 40 ní wákàtí lọ. Fún pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ mo tún sọ ọ́ di 18 níwájú, 22 lẹ́yìn nítorí ẹrù, pẹ̀lú L4, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń fà pẹ̀lú jíà tó lọ́ra tó sì lágbára. Bí ó bá lọ sísàlẹ̀ 15, táyà lè yọ kúrò lára wíìlì. Ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà, tó ń lo bátìrì ọkọ̀, dání, kí ẹ sì yọ H4 kí ẹ tó padà sórí ọ̀dà gbígbẹ, torí lórí ọkọ̀ bíi Hilux ó ń lọ́ gíábọ́ọ̀sì pa.

Ipa táyà lọ́rì agbégẹdú ló ń gbé ọkọ̀ kéékèèké kọ́. Mo gé igi kan tí gígùn rẹ̀ bá dífù ẹ̀yìn (àpótí jíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì) dọ́gba láti ilẹ̀. Níbi tí ipa bá ti jìn, mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé igi náà dúró nínú rẹ̀. Bí ebè tó wà láàárín ipa méjèèjì bá ga ju orí igi lọ, n kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́: dífù á gúnlẹ̀ sórí ebè, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wà lófìfo. Mo fi ṣọ́bìrì gé orí ebè náà, mo kó iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sínú ipa, mo fi ẹ̀ka igi lé e.

Ní odò, mo dúró nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ná. Dífù tó gbóná bá já sómi tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi gba ẹnu síìlì, rọ́bà tó ń dí i, wọlé. Mo fi ẹsẹ̀ rìn ín pẹ̀lú ọ̀pá, lójú ibi tí táyà òsì máa gbà àti ti ọ̀tún. Omi tó ń ṣàn tó sì kọjá orúnkún, n kò wọ̀ ọ́. Jíà kejì nínú L4, ìwọ̀n ìrìn ẹsẹ̀, láìtẹ kọ́lọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ́ńjìnì bá kú sómi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sítáàtì rẹ̀. Omi kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́; bí ó bá ti wọ sìlíńdà, kọnrọ́ọ̀dù, irin tó ń ti písítìn, á tẹ̀. Ẹ fà á jáde, ẹ wo fílítà afẹ́fẹ́. Bí ó bá tutù, ó di ọwọ́ mẹkáníìkì.

Tí ọkọ̀ bá rì, ẹ yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí iná kí táyà tó gbẹ́ ihò. Ẹ gbẹ́ iwájú táyà àti abẹ́ ọkọ̀, ẹ fi pákó 40 sí 40 sẹ́ntímítà tẹ́ abẹ́ jáàkì kí ó má baà rì, ẹ ki igi sábẹ́ táyà. Ẹ má ṣe so okùn ìfà mọ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń fa tírélà. Ó ń já, ó sì ń pa èèyàn.

Mo ti sọ ọjọ́ àti ọ̀nà fún baálẹ̀ àti ẹnì kan nílé, n kò sì rìn lálẹ́. Bí òjò bá sì rọ̀ lóru tí mo bá wà lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni mo máa wà. Ipa tí ọkọ̀ kan bá fi sójú ọ̀nà tútù, àgbàrá á sọ ọ́ di kòtò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn ìyá tó ń ru kòkó lórí ló máa jìyà rẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ń dùn mí bí mo bá rí i.

Nígbà tí mo padà dé, mo fọ ẹrẹ̀ inú wíìlì, torí ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ gbọ̀n lórí eré, mo sì fọ ojú rédíétọ̀. Mo fa gíríìsì sí ṣáàfù. Mo tú nọ́ọ̀tì dífù díẹ̀: ọ́ìlì tó bá ti funfun, omi ti wọ̀ ọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Fílítà dísù ló kẹ́yìn. Ẹ tú ìdérí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí omi tó bá tẹ̀ lé dísù inú kẹ́ẹ̀gì wọlé lè dà jáde, títí dísù tó mọ́ gaara á fi máa jáde.