Bí a ṣe ń wo Tour de France kí ó lè yé ni

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wo Tour de France, eré kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń sá ní ilẹ̀ Faransé, sábà máa ń fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ dé. Tí wọ́n bá dárúkọ onítọ̀hún fún un tán, á tún yà á lẹ́nu pé ẹlòmíì ni wọ́n wọ ẹ̀wù yẹ́lò fún. Aago ni a fi ń wo eré yìí. Tí èyí bá ti yé yín, ẹ ò ní fẹ́ dìde lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò àkókò. Ìpele 21 ni wọ́n ń sá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta (eré ọjọ́ kan ni ìpele kan), ó sì máa ń lé ní kìlómítà 3,000. Gbogbo àkókò tí oníkẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan lò láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n ń rò pọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ló ń wọ yẹ́lò. Ìdí nìyí tí Greg LeMond fi borí ní 1990 láìgba ipò kìíní lọ́jọ́ kankan, tí Chris Froome náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2017. Àwọn tó bá jọ dé nínú agbo kan náà, àkókò kan náà ni wọ́n máa ń kọ fún wọn. Nítorí náà, ẹ má ṣe ka ipò ẹni tí ẹ fẹ́ràn. Àlàfo tó wà láàárín agbo tirẹ̀ àti ti alátakò rẹ̀ ni kí ẹ máa wò.

Lẹ́yìn náà, kí eré ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo àwòrán ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà. Tí ilẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ lè máa ṣiṣẹ́ yín lọ, kí ẹ padà wá wo kìlómítà mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn. Ọjọ́ òkè ńlá, bíi Tourmalet tàbí Alpe d'Huez, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: ẹ jókòó tì í, nítorí níbẹ̀ ni àlàfo ti máa ń di ìṣẹ́jú gbọọrọ. Ọjọ́ tí oníkẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan ń dá sáré pẹ̀lú aago ni èmi fẹ́ràn jù. Ní 2020, Tadej Pogačar fi ìṣẹ́jú-àáyá 57 wà lẹ́yìn Primož Roglič nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí eré parí. Wọ́n dá sáré lọ́jọ́ kejì ìgbẹ̀yìn náà, Pogačar ló sì wọ yẹ́lò nírọ̀lẹ́.

Ohun tí ojú kì í tètè rí ni iṣẹ́ àwọn yòókù. Ènìyàn mẹ́jọ ló wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan tàbí méjì péré sì ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹni tó wà níwájú ló ń fi àyà gé afẹ́fẹ́. Ẹni tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn ń ṣọ́ agbára lò. Ẹ ó rí ẹnìkan tó fà sẹ́yìn dé ibi ọkọ̀ ẹgbẹ́ wọn, tó ń ki ìgò omi bọ ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi rí gànnàkù-gannaku, tí á tún wa kẹ̀kẹ́ tete padà síwájú láti pín in fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ máa ka iye irú wọn tó kù lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn bí òkè bá ti ń le. Ọ̀gá tó bá ti ṣẹ́ ku òun nìkan, ibẹ̀ ni àwọn alátakò rẹ̀ ti máa ń ṣí eré sílẹ̀.

Àwọn ẹ̀wù mìíràn náà wà: àwọ̀ ewé fún ẹni tí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù, funfun alámì tó-tò-tó pupa fún ọba òkè, ìyẹn ẹni tó mọ òkè gùn jù, funfun lásán fún ọ̀dọ́ tó dára jù. Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, gba ìpele mẹ́ta àti ẹ̀wù àwọ̀ ewé ní 2024. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gba ìpele nínú Tour.

Tí ààyè yín kò bá pọ̀, ẹ ya ọjọ́ òkè ńlá tó gbẹ̀yìn sọ́tọ̀ láti wò. Nípa àṣà wọn, ẹnikẹ́ni kì í sábà gbógun ti ẹni tó wọ yẹ́lò lọ́jọ́ ìgbẹ̀yìn tí wọ́n bá ń wọ Paris, àfi bí wọ́n bá fi ìdásáré sí ọjọ́ náà, bíi ti 1989 tí LeMond fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ péré borí Laurent Fignon.