Táyà Ọ̀kadà Oko: Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí Ẹ Pààrọ̀ Rẹ̀?

Ọ̀kadà tó ń kó ẹ̀gẹ́ láti oko máa ń jẹ táyà ju èyí tó ń rìn lórí títì ọlọ́dà nìkan lọ. Òkúta, kùkùté àti ẹrù ló fà á. Nítorí náà, ẹ má ka oṣù. Ojú táyà ni kí ẹ máa wò. Ti ẹ̀yìn ló máa ń kọ́kọ́ tán, torí òun ni ṣéènì ń yí, òun náà ló ru ẹrù jù.

Ẹ ti igi ìṣáná bọ inú kòtò àárín eyín táyà, níbi tó ti jẹ jù. Ẹ fi èékánná sàmì síbi tí ojú táyà dé lára igi náà, kí ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Bó bá ku mílímítà 2, ẹ wá owó táyà tuntun. Bó bá ku 1, ẹ má gùn ún mọ́, pàápàá nígbà òjò: omi kò ní ríbi gbà kúrò lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kadà á sì máa yọ̀ bí ẹ bá tẹ bíréèkì.

Táyà tí eyín rẹ̀ ṣì ga náà lè ti bàjẹ́. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá wú síta, okùn inú rẹ̀ ti já nìyẹn, ó sì lè bẹ́ lábẹ́ ẹrù nígbàkigbà. Bí ẹ bá rí okùn lójú rẹ̀, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sán wẹ́wẹ́, ẹ yọ ọ́. Àwọn kan máa ń ki àjákù táyà síbi tó ya. Ìyẹn lè gbé yín délé, àmọ́ kò ṣe é fi ru ẹrù: ńṣe ni yóò máa ha túùbù títí yóò fi lu. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ gbígbóná gbẹ́ kòtò tuntun sójú táyà tó ti dán. Ìwọ̀nba rọ́bà tó ṣẹ́ kù lórí okùn ni wọ́n ń gé dànù yẹn.

Kí ẹ tó ná táyà, pàápàá tòkunbọ̀, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó parí ìlà DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 2323 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2023. Táyà tó bá ti pé ọdún 10, ẹ má rà á, bó ti wù kó dán mọ́nrán tó.

Atẹ́gùn tí kò tó ló ń pa táyà jù. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀, kí ọ̀kadà tó rìn rárá. Ìwé ọ̀kadà ló ni ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré, iwájú ń gba bíi 25 lójú géèjì (PSI), ẹ̀yìn 28, tàbí 32 bí ẹ bá gbé èèyàn. Táyà tó jẹ létí méjèèjì, atẹ́gùn rẹ̀ kò tó. Èyí tó jẹ láàárín, ó pọ̀ jù. Bí ẹnu túùbù bá dagun, tí kò dúró ṣánṣán mọ́, táyà ti ń yí lórí rímù nítorí pé atẹ́gùn kéré. Bí ẹ kò bá tètè tún un ṣe, ìdí ẹnu náà á ya, kò sì ṣe é lẹ̀.

Ẹrù ńkọ́? Lára táyà 3.00-17 50P, 3.00 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní ínṣì, 17 ni rímù rẹ̀, 50 sì ń sọ pé kò gbọ́dọ̀ ru ju kílò 190 lọ. Apá ẹ̀yìn ọ̀kadà fúnra rẹ̀ wà nínú 190 yẹn, awakọ̀ náà wà níbẹ̀. Èrò kan pẹ̀lú àpò ẹ̀gẹ́ méjì ti pọ̀ jù fún un.

Bí ẹ bá ń pààrọ̀, ẹ ra nọ́ńbà kan náà, ẹ sì ra túùbù tuntun mọ́ ọn. Túùbù tó ti fẹ̀ máa ń ká kò nínú táyà tuntun, ibi tó ká náà ló ń ya. Ẹ rí i pé rọ́bà tó bo orí sípóòkù wà láyè rẹ̀. Kí fọkanáísà fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí túùbù kó tó fi irin ti táyà wọlé, kí irin má baà há a. Kí ọfà ẹ̀gbẹ́ táyà kọjú síbi tí ẹsẹ̀ ọ̀kadà ń yí sí. Bó bá ti wú tán, ẹ yẹ ìlà tó yí etí rímù ká wò: bó bá rì níbì kan, kí fọkanáísà tú atẹ́gùn náà, kí ó tún un fẹ́.

Táyà tuntun máa ń yọ̀. Ẹ rọra yà ní kọ̀rọ̀, ẹ má sì tẹ bíréèkì lójijì, títí ẹ ó fi rìn tó kìlómítà 150.