Àwọn àṣìṣe tó ń gbówó lọ́wọ́ yín lórí ìwé Fárábì, Ibn Rushd àti Maimonides

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan tí a jọ jáde nílé kéwú kan náà fi fọ́tò ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ránṣẹ́ sí mi. Inú rẹ̀ ń dùn. Tèmi bà jẹ́. Ẹ ti mọ àwọn ọlọ́gbọ́n àtijọ́ mẹ́ta yìí, Fárábì àti Ibn Rushd tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, Maimonides tó jẹ́ Júù, àti ohun tí wọ́n kọ nípa ìlú, òfin àti wòlíì, mi ò ní í tún ìyẹn sọ. Owó tí ẹ ń jù sígbó nítorí wọn ló ń dùn mí.

1. Ẹ má sáré ra ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá pọ́ọ́kú jù nínú ti Ìtọ́sọ́nà, ìwé ńlá Maimonides tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Guide of the Perplexed. Ti Friedländer, tó jáde láàárín 1881 sí 1885, ló kún orí igbá. Ti Shlomo Pines, tí wọ́n tẹ̀ ní Chicago ní 1963, ni kí ẹ tọ́jú owó fún. Ibi tí Maimonides bá ta ọ̀rọ̀ ní kókó, Pines kì í tú kókó náà, ó ń fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

2. Ẹ má ka Leo Strauss, ọ̀mọ̀wé òde òní tó ń ṣàlàyé àwọn ọlọ́gbọ́n yìí, kí ẹ tó ka Fárábì fúnra rẹ̀.

3. Ẹ má rò pé kéwú yín ti tó. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n sọ fún mi pé èdè Lárúbáwá ni Maimonides fi kọ Ìtọ́sọ́nà, òótọ́ sì ni. Mo kó owó oṣù méjì lé e, mo ra ẹ̀dà tí ó wá láti ọwọ́ Salomon Munk, tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní Paris láàárín 1856 sí 1866. Mo ṣí i: lẹ́tà Hébérù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin! Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Júù ayé ìgbà náà ṣe ń kọ Lárúbáwá. Mo jókòó tì í bí ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí tí kò mọ̀wé kà. Ìyàwó mi ní, "Ṣé wọ́n tẹ̀ ẹ́ lódì ni?" Hüseyin Atay sì ti tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà Lárúbáwá ní Ankara láti 1974. Ìtìjú ló kọ́ mi ní lẹ́tà Hébérù méjèèjìlélógún.

Èyí tó ń bí mi nínú jù, mi ò tilẹ̀ mọ nọ́ńbà tó yẹ kí n fún un. Àlàyé tí Ibn Rushd ṣe lórí Republic, ìwé Plato lórí ìlú, ni. Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ìwé Aristotle lórí ìṣèlú kò tẹ òun lọ́wọ́, ló ṣe mú ti Plato. Lárúbáwá tó fi kọ ọ́ ti sọnù. Ìtumọ̀ Hébérù tí Samuel ben Judah ará Marseille ṣe ní nǹkan bí 1320 ló kù sílẹ̀. Inú rẹ̀ ni Rosenthal ti tú u sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1956, inú rẹ̀ ni Lerner ti tún un tú ní 1974, inú rẹ̀ náà ni Ahmad Shahlan ti dá a padà sí Lárúbáwá, tí wọ́n tẹ̀ ní Beirut ní 1998. Wọn ò fi pa mọ́. Ara èèpo ìwé ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ìwé 1998 yìí ló wà nínú fọ́tò. Àbúrò mi sì ti kọ ojú ìwé méjìlélógún lórí ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan ṣoṣo tó rí nínú rẹ̀: ìdí tí Ibn Rushd fi yan ọ̀rọ̀ yìí, tí kò yan èkejì rẹ̀. Mo ní Shahlan ló yàn án. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ Ibn Rushd ló wà lára ẹ̀." Mo ní orúkọ tèmi náà wà lára ìwé owó iná, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́.

Ẹ má fi ìwé tí Renan, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, kọ ní 1852 jẹ́rìí lórí Ibn Rushd àti òfin ẹ̀sìn. Ọdún 1859, ọdún méje lẹ́yìn ti Renan, ni Müller tó tẹ Faṣl al-maqāl, ìwé tí Ibn Rushd fúnra rẹ̀ kọ lórí òfin ẹ̀sìn àti ọgbọ́n, jáde ní Munich.

Ẹ̀yin ọdẹ àṣírí ńkọ́? Nítorí pé Strauss sọ ní 1952 pé àwọn ọlọ́gbọ́n àtijọ́ ń fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ sáàárín ìlà, ẹ ò tíì ka orí kìíní tán, ẹ ti ń ka iye orí ìwé láti fi wá àṣírí.

Bí owó kò bá tó, ẹ wá àkójọ ìwé ìṣèlú àwọn ọlọ́gbọ́n àtijọ́, ní ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Lerner àti Muhsin Mahdi ṣe ní 1963. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀.

Àbúrò mi ní ẹni tó tà á fún òun kò gbà á padà. Ó bi mí bóyá mo lè rà á ní ìdajì owó. Mo ní rárá, mo ti ní méjì.