Wi-Fi kò jáde lórí Linux tuntun? Ẹ má tíì tún un fi sórí ẹ̀rọ

Láàárín Ṣómólú sí Yábà, níbi tí mo ti ń bá àwọn ọ̀dọ́ fi Linux, ètò tí wọ́n ń lò dípò Windows, sórí ẹ̀rọ, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n sábà máa ń gbé wá. Wọ́n ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Computer Village, Ìkẹjà, wọ́n fi Ubuntu tàbí Debian, tí wọ́n jẹ́ oríṣi Linux, sí i, gbogbo rẹ̀ lọ geere, àfi ìgbà tí wọ́n tẹ àmì nẹ́tíwọ̀kì. Kò sí Wi-Fi níbẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ ń ṣe bí ẹni pé wọn ò fi Wi-Fi sínú òun rí.

Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti pa Ubuntu rẹ́, wọ́n ti fi Mint sí i, wọ́n ti pa òun náà rẹ́, wọ́n tún ti gbé Fedora lé e. Fáìlì Ubuntu 24.04 nìkan ju 5 GB lọ. Ẹni tó bá ń fi dátà fóònù gbà á wálẹ̀ mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún àpò. Ó máa ń dùn mí, torí pé chip kan náà, ẹ̀yà tó ń gba Wi-Fi, ló ṣì wà nínú ẹ̀rọ, ohun tó sì nílò kò yí padà. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ẹ kọ́kọ́ bi ẹ̀rọ léèrè. Ẹ ṣí terminal, ojú tí a ti ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ, kí ẹ kọ ọ́ báyìí:

lspci -nnk | grep -iA3 net

Á dárúkọ chip Wi-Fi rẹ̀ fún yín, yálà Intel, Realtek tàbí Broadcom, pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ bíi 14e4:4365. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀, òun ni ẹ máa fi wá ojútùú, kì í ṣe orúkọ láptọ́ọ̀pù. Láptọ́ọ̀pù méjì tó jọra bí ìbejì lè gbé chip ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìlà "Kernel driver in use". Tí kò bá sí, kò tíì sí driver, ètò tó ń jẹ́ kí Linux lè bá chip sọ̀rọ̀, tó gbá chip náà mú. Tó bá wà, tí Wi-Fi ò sì jáde síbẹ̀, ẹ kọ sudo dmesg | grep -i firmware, kí ẹ wò ó bóyá fáìlì firmware, ètò tí chip fúnra rẹ̀ ń lò, ni kò rí.

Ti Intel kì í le. Driver iwlwifi ti wà nínú kernel, ọkàn Linux fúnra rẹ̀, firmware ló máa ń ṣaláìsí, pàápàá fún ẹni tó ṣì ń lo flash Debian 11 tó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Láti Debian 12 tó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni wọ́n ti ń fi firmware sínú fáìlì ìfisórí gan-an.

Broadcom ló ń fa wàhálà jù, àṣìṣe tí mo sì ń rí níbẹ̀ ni kíkó gbogbo driver jọ. Ẹnì kan á fi b43 sí i, kò ṣiṣẹ́, á tún fi wl lé e lórí, àwọn méjèèjì á wá máa du káàdì kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹyọ kan péré ni kí ẹ mú. Fún 14e4:4365 tí mo dárúkọ yẹn, wl ni: broadcom-sta-dkms ni orúkọ tí wọ́n fi ń gbà á wálẹ̀ lórí Debian, bcmwl-kernel-source ni lórí Ubuntu.

"Ṣùgbọ́n kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, báwo ni mo ṣe máa gbà á wálẹ̀?" Fóònù yín ni. Ẹ fi wáyà tí ẹ fi ń ṣáàjì fóònù Android so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, kí ẹ tan USB tethering nínú fóònù. Linux á gbà á bí ẹni pé wáyà nẹ́tíwọ̀kì ni wọ́n kì bọ̀ ọ́, kò sì sí driver tí ẹ máa wá fún un. Tí fóònù bá wà lórí Wi-Fi ilé, Wi-Fi yẹn náà ni láptọ́ọ̀pù á máa lò, SIM ò ní ná kọ́bọ̀. Kí wáyà ṣáà jẹ́ èyí tó ń gbé fáìlì, torí àwọn olówó pọ́ọ́kú kan wà tí kì í gbé ju iná lọ.

Ẹ má sáré ra dongle

Ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní Wi-Fi inú rẹ̀ ti kú, wọ́n ta dongle, Wi-Fi kékeré tí wọ́n ń kì bọ ojú USB, fún un. Dongle náà ò ṣiṣẹ́. Nígbà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, Wi-Fi inú ẹ̀rọ yè kooro, firmware ló ń wá. Owó tó fi ra dongle ti lọ, bẹ́ẹ̀ owó oúnjẹ rẹ̀ ni. Orúkọ ara páálí dongle ò tó, torí pé ilé-iṣẹ́ lè pààrọ̀ chip inú rẹ̀ láì yí páálí padà. Èyí tó bá pọn dandan láti rà, ẹ fi sínú ẹ̀rọ níbẹ̀, ẹ kọ lsusb, kí ẹ rí nọ́ńbà rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Bákan náà ni káàdì Wi-Fi inú ẹ̀rọ. ThinkPad àtijọ́ bíi X230 kì í gba káàdì àjèjì, "1802: Unauthorized network card is plugged in" ló máa kọ sójú, kò sì ní tàn kọjá ibẹ̀.

Ojú ìwé aláwọ̀ búlúù

Tí Secure Boot, ààbò tí kì í jẹ́ kí driver tí ẹ̀rọ ò mọ̀ wọlé, bá wà ní títàn, Ubuntu á ní kí ẹ dá ọ̀rọ̀ aṣínà kan nígbà tí ẹ bá ń fi driver Broadcom sí i. Nígbà tí ẹ̀rọ bá tún tàn, ojú ìwé búlúù kan á yọ, á kọ "Perform MOK management". Ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn níbẹ̀, wọ́n á tẹ Continue kó lè tètè lọ, driver ò sì ní wọlé. "Enroll MOK" ni kí ẹ tẹ̀ (MOK ni kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀rọ fi ń dá driver mọ̀), kí ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn. Tó bá ti bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, sudo mokutil --import pẹ̀lú fáìlì /var/lib/shim-signed/mok/MOK.der á mú ojú ìwé náà padà wá nígbà tí ẹ̀rọ bá tún tàn.

Ẹ kọ rfkill list náà, á sọ bóyá ńṣe ni wọ́n pa Wi-Fi. "Soft blocked: yes" kò ju sudo rfkill unblock wifi lọ. "Hard blocked: yes" ń sọ pé bọ́tìnnì gidi ló pa á, ThinkPad T420 sì ní ọ̀kan létí tí ọwọ́ lè ṣèèṣì gbá. Ẹni tó bá ní Windows lẹ́gbẹ̀ẹ́ Linux, kó pa Fast Startup, ohun tó ń mú Windows tètè tàn, níbẹ̀, torí pé ó lè fi káàdì sílẹ̀ ní ipò tí Linux ò ti ní lè jí i.

Èyí tó kù kì í ṣe ẹ̀bi Wi-Fi rárá. Wi-Fi ti so, síbẹ̀ ojú ìwé ò ṣí, apt, tó ń bá Linux gba ètò wálẹ̀, sì ń pariwo pé "Release file is not valid yet". Ẹ wo déètì tí ẹ̀rọ ń kà. Bátìrì kékeré CR2032 inú àwọn tòkunbọ̀ ti sábà máa ń kú, bí NEPA bá ti mú iná tí bátìrì ńlá náà sì tán, ọjọ́ á padà sí ọdún tó ti kọjá lọ. Ẹ tún ọjọ́ ṣe, kí ẹ tún kọ sudo apt update, á lọ.